Àjò Ò Dùn, Ayálégbé Ńkọ́?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, gbogbo wa la mọ òwe yẹn: àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọ́n kọ́ wa ní pírámárì, a tún bá a pàdé ní kíláàsì níbí, èmi tiẹ̀ ti fi dáhùn ìbéèrè ìdánwò rí, mo sì gba máàkì lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò rò ó wò rárá títí di ọjọ́ tí mo jókòó sórí báàgì Ghana-must-go lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí mo fọwọ́ di fáànù ilé wa mú kó má baà já bọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan nínú òwe náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Onílé.

Láyé àwọn tó pa òwe náà, onílé ni ẹni tó ní ilé tó ti wá, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn. Ní Ṣómólú tí mo dàgbà sí, bẹ́nì kan bá ké pé "onílé ń bọ̀ o!", kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ta ni. Ẹni tó ń gbowó ni. A ó tilẹ̀kùn, a ó pa rédíò, a ó ṣe bí ẹni tí ò sí ńlé. Onílé yẹn ò lọ sí àjò kankan. Ó wà nílé ẹ̀. Àwa ayálégbé là ń rìn kiri. Bí òwe bá wá ní àjò ò dùn kí onílé má relé, kí lòwe rí sọ fún ayálégbé? Ibo ni tiwa tí a fẹ́ padà sí? Ṣé àárò ilé onílé lè máa sọ èèyàn, kó sì tọ̀nà?

Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyẹn o. Mi ò ṣàwàdà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Yàrá kan àti pálọ̀ la ń gbé, àwa mẹ́rin, ojúlé mẹ́jọ ló ń lo kíṣìnì kan. Ọdún mẹ́rìndínlógún la lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde níbi ìbúra ẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni màmá mi ń ṣe, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì fi ń rán an lọ́jọ́ tí iná ò bá sí, ìyẹn ni pé lọ́pọ̀ ọjọ́. Ẹ lè ṣírò ìyókù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, onílé mú lẹ́tà wá: 300,000 náírà tí à ń san lọ́dún ti di 700,000.

Òfin wà o. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbalé, ó sì fún ayálégbé láyè láti lọ sí kóòtù bí owó tí wọ́n fi kún un bá ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé onílé lọ sí kóòtù nígbà tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ ẹ̀? Gbogbo ibi tí a wá ilé dé, owó ọdún méjì làwọn ejẹ́ǹtì ń béèrè, owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́tọ̀. Níkẹyìn, ẹnì kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán sọ fún màmá mi pé ní Ológunẹrú, n'Ìbàdàn, 350,000 máa gba yàrá méjì tó ní ilé ìwẹ̀ tiẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, a ti kó. Èmi ti wà ní kámpọ́ọ̀sì níbí nígbà yẹn, torí náà ìdààmú tèmi kéré. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí mo bá lọ kí wọn ni àárò máa ń bá mi jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àárò ẹ̀ ń sọ mí. Kì í ṣe bíríìjì, kì í ṣe ọ̀sà. Ṣómólú ni àwọn onítẹ̀wé wà, àdúgbò lórí àdúgbò, ẹ̀rọ wọn kì í sì í sùn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lóru, gbàmù-gbàmù-ṣìì, gbàmù-gbàmù-ṣìì, bí ẹni tó ń gún iyán fún àwọn àlejò tí ò ní tán. Òórùn íǹkì wà nínú aṣọ wa. Bébà tí wọ́n bá gé kù lára kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, wọ́n máa ń dà á síta, àwa ọmọdé á sì ṣà á. Orí ẹ̀ ni mo kọ ewì mi àkọ́kọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ìlà ewì mi fi ń kúrú. (Olóòtú wa tó ń pè é ní ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀, ẹ má bínú, bébà ni ò fẹ̀.) Láàárọ̀, obìnrin tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn á kọjá, ata dúdú yẹn á ti ta sí wa nímú ká tó rí i.

Òru àkọ́kọ́ tí mo sùn ní Ológunẹrú, mo rò pé etí mi ló di.

Gbogbo nǹkan ló yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá la jọ ń sọ. Ní Èkó, bó o bá kí ẹni tí o ò mọ̀ lójú títì, onítọ̀hún á di àpò ẹ̀ mú. N'Ìbàdàn, mo gba iwájú àwọn àgbà mẹ́ta kọjá láìkí wọn lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀. Kí n tó dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ti mọ ilé tí mo ti jáde, wọ́n sì ti fẹjọ́ mi sun màmá mi. Ọkọ̀ náà ńkọ́? Máíkírà ni, èèyàn méjì ló ń jókòó sórí àga kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, bí ọkùnrin bá sì ń yí jíà, orúnkún rẹ ló ń yí. Kò sẹ́ni tó ń kánjú. Èèyàn á dá ọkọ̀ dúró, á kọ́kọ́ kí dẹ́rẹ́bà pé ẹ kú iṣẹ́, á béèrè ibi tó ń lọ, á tún dúpẹ́, gbogbo wa á jókòó sínú oòrùn ká máa wò wọ́n.

Èdè wá ni olórí ẹ̀. Ìyá Ìbejì tó múlé ti wa kì í pe ṣ rárá. "Sé o jí ire?" "N ó dé ọjà n ó sì bọ̀." Èmi á pe àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó lórí fóònù, n á ní, "Ẹ̀yin boys, wọn ò tíì kó ṣ dé ìlú yìí o!", a ó sì rẹ́rìn-ín títí kírẹ́díìtì á fi tán. Èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè! Èmi tí mo mọ̀ dájú pé Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń ṣèdánwò, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi túmọ̀ Bíbélì, ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ló kó ipa tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. "N ó" tí Ìyá Ìbejì ń sọ wà nínú ìwé gírámà. "Màá" tèmi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àyè.

Lóru ọjọ́ kan ní hostel, a jiyàn ọ̀rọ̀ yìí títí iná fi lọ. Ọmọ Èkìtì kan nínú yàrá wa dá ẹjọ́ mi ní kúkúrú. Ó ní: ọmọ Ìkìrun ni bàbá ẹ, Ìkìrun nilé ẹ, Èkó tó ò ń sunkún ẹ̀ yìí, àárò ìyàwó oníyàwó ló ń sọ ẹ́. Gbogbo yàrá pariwo. Lójú àṣà, òun ló jàre. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá pé ọmọ ibo ni ẹ́, ìlú bàbá ẹ̀ ló máa dá, kódà kó má lè júwe ọ̀nà ọjà ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo dé Ìkìrun láyé mi, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ ni ìgbà tí a lọ sin bàbá mi. "Ọmọ Èkó" ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. "Ọmọ Èkó" náà ni wọ́n ń pè mí ní Ológunẹrú. L'Ékòó fúnra ẹ̀, ọmọ onílé máa ń pè wá ní "ará òkè" bí inú bá bí i. Ẹ wá bá mi wá ibi tí n ó relé sí.

Màmá mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ. "Ìlú tó lé ẹ jáde, ìyẹn lò ń sunkún ẹ̀? Ọkùnrin tó lu obìnrin tó lé e jáde, ṣé ó yẹ kó tún máa fọwọ́ pa fọ́tò ẹ̀?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dáadáa, mo sì rò pé àṣìṣe kan náà ni wọ́n ṣe. Àwọn méjèèjì fi àárò ṣe ìwé ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní n ò ní ìwé, nítorí náà kí n má sunkún. Màmá mi ní wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ wa, nítorí náà kí n má sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé Èkó jẹ́ tèmi. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo gbálẹ̀ àgbàlá yẹn ní gbogbo Sátidé fún ọdún mẹ́wàá. Àwa ojúlé mẹ́jọ la dáwó ra pọ́ńpù omi tó wà níbẹ̀ dòní. Owó tí a san fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ilé. Ó kàn jẹ́ pé kò rà á fún wa ni. Ẹni tó bá lo ara ẹ̀ tán níbì kan, ara yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àárò rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Mi ò mọ òfin tó gba ìyẹn lọ́wọ́ èèyàn.

Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá, tí wọ́n sá lọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830, wọn ò wá orúkọ tuntun fún àdúgbò tí wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀. Aké ṣì ń jẹ́ Aké, Ìjẹùn ń jẹ́ Ìjẹùn, Kémta ń jẹ́ Kémta. Ìlú tó ti pa run ni wọ́n ń dá bí wọ́n bá ń júwe ilé fún àlejò. Aláàfin Àtìbà náà, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Àgọ́-Ọjà ló dé, ó sì sọ ọ́ di Ọ̀yọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé àárò ìyàwó oníyàwó ni.

Bóyá ẹ máa ní ogun ló lé ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyẹn. Ẹni tí ogun lé, a máa ń bá a kẹ́dùn. Àwọn tí ìjọba wó ilé wọn ní Màrókó ní oṣù Keje ọdún 1990, títí dòní làwọn ará Èkó ń sọ ìtàn wọn, torí pé gbogbo ayé rí katapílà. Ẹni tí owó ilé lé, ìbọn ò dún lẹ́yìn ẹ̀. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi dẹrù, òun náà ló sanwó ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ará àdúgbò á kàn ní, "Ṣé ẹ gbọ́ pé wọ́n ti kó?" bí ẹni pé ó wù wọ́n. Owó máa ń lé èèyàn bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ ni. Bí o bá ti lọ tán, ìwọ gan-an ni wàá máa wá àwáwí fún un. Bí wọ́n bá bi màmá mi ní Ológunẹrú pé kí ló gbé wọn kúrò l'Ékòó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Afẹ́fẹ́ tútù la wá gbà o jàre." Nínú gbogbo ẹrù tí a kó wá, mi ò rò pé èyí tó wúwo tó gbólóhùn yẹn wà níbẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ dá àròkọ yìí dúró nìyẹn, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé hígíńsì, kí Ìyá Ìbejì tó bà á jẹ́ fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, iná ò sí, gbogbo wa wà níta. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo ní ìlú wo la wá yìí, tí òru ti ń ṣú ní aago mẹ́jọ, tí èèyàn á rìn títí kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì. Mo ní ohun kan tó dáa níbẹ̀ ni pé ilé ibẹ̀ pọ́ọ́kú. Ìyá Ìbejì ń ṣa ewédú, wọn ò gbójú sókè.

"Ẹni tó wà ní yàrá yín kẹ́ ẹ tó dé," wọ́n ní, "òun náà ń sunkún ibí."

Mo ní ta ni.

"Sé o ò mọ̀ ni? 180,000 ló ń san. Ejẹ́ǹtì wá sọ fún onílé pé àwọn ará Èkó ń san 350,000 lẹ́ẹ̀kan soso, wọn kì í ná an. Ó lọ́mọ mẹ́ta. Ó ti kó lọ sínú lọ́hùn-ún, lọ́nà Èrúwà. Ẹ̀yin lẹ ní ó pọ́ọ́kú."

N ò rí nǹkan kan sọ. Mo rántí ọjọ́ tí a wá wo yàrá náà. Màmá mi pariwo lójú ejẹ́ǹtì: "350 péré!" Omi ayọ̀ lé sí wọn lójú. Péré yẹn gan-an ni. Ẹnì kan ti ní láti sọ "700 péré" nípa yàrá tiwa ní Ṣómólú. Mo sì mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, owó ilé Yábàá ló lé òun náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó tiẹ̀ bá wa gbé fíríìjì sínú ọkọ̀. Mo bínú sí i nígbà yẹn. Orí aga ẹ̀ gan-an ni mo wá jókòó sí yìí.

Mo padà sídìí àpẹẹrẹ Ẹ̀gbá tí mo fi ń yangàn, mo rí i pé mi ò wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ta ló wà lórí ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá fi sílẹ̀? Àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tó pàgọ́ síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829 ni, púpọ̀ nínú àwọn Ọ̀yọ́ yẹn ló sì jẹ́ pé ìlú tiwọn náà ti tú. Àgọ́ yẹn ló di Ìbàdàn tí mo ń bú. Ẹni tí wọ́n lé ló ń lé ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni àárò á sì máa sọ kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níbi tí ẹlòmíì ti ń sunkún kúrò. Kódà ẹ̀wà tí mo ń tori ẹ̀ dálẹ́nu sún, orúkọ ẹni tó gbé e dé Èkó ló ń jẹ́: àgànyìn, àwọn àlejò tó ti apá Tógò àti Gánà wá. Oúnjẹ ẹni tó fi ilé ẹ̀ sílẹ̀ ni mo fi ṣe oúnjẹ ilé mi.

Ṣé a ṣẹ̀ nígbà náà? Mo bi màmá mi. Wọ́n ní, "Kí n wá sùn sí títì ni?" Mi ò ní ìdáhùn, mi ò sì rò pé ìdáhùn wà. Ẹni tó ń wá ibi tí agbára ẹ̀ ká kò dẹ́ṣẹ̀. Síbẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó máa sọ pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Onílé méjì ló wà nínú ìtàn yìí, àwọn méjèèjì ló gba owó kún owó, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó kan ìṣó kan mọ́ ara ilé. Ẹ̀bi tiwọn wà lọ́rùn wọn. Èyí tó wà lọ́rùn tèmi kéré, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú: ẹnu mi ni. Àárò Èkó tó ń sọ mí, mo ti sọ ọ́ di ìwé àṣẹ láti bú ibi tó gbà mí, lójú àwọn tí bíbọ̀ mi ti mú nǹkan le fún. Mo lè máa sunkún Ṣómólú kí n má pe Ológunẹrú ní oko. Kí ló dé tí mo fi rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀kan ò lè wà kí èkejì má wà?

Obìnrin yẹn ṣì ń wá dín dùndú ní oríta wa lálaalẹ́. Máíkírà méjì ló ń wọ̀ wá, méjì ló ń wọ̀ padà, torí ibẹ̀ làwọn oníbàárà ẹ̀ wà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń rà lọ́wọ́ wọn láìmọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi lọmọ àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga. Wọ́n wò mí. Mo ti ń retí èébú.

"Sé omi sì ń gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé tójò bá rọ̀?"

Mo ní ó ṣì ń wọlé, mà.

"Abọ́ ò gbà á o. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀. Ìbẹ́pẹ tí mo gbìn ńkọ́?"

Mo ní ó ti ń so, a ti jẹ méjì níbẹ̀. Wọ́n yí iṣu tó wà nínú epo padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò wò mí.

"Ó dùn, àbí?"

Mo ní ó dùn, mà.